Ọ̀nà Abẹ́ Títì Ìdí-Ayùnrẹ́

Bí ẹ bá dé abúlé Ìdí-Ayùnrẹ́, lẹ́yìn Idigny, tí ẹ sì ń wá ilé Àyìsátù, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ wá ibi tí ẹ̀rọ omi wà. Iwájú ilé rẹ̀ gan-an ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, bó sì ṣe débẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú àwọn ará mérì, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Nígbà tí Àyìsátù gbọ́ pé àwọn ọ̀gá ń bọ̀ wá wo ibẹ̀, ó kó ogún obìnrin jọ, ó gbé garawa òfìfo lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí, ó ní kí wọ́n tò síwájú ilé òun láti àárọ̀, kí wọ́n sì máa ṣe ojú bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àwọn ọ̀gá dé, wọ́n rí ìlà tó gùn dé ìdí ọ̀pẹ, wọ́n ní ó jọ pé ibí yìí ni èèyàn pọ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Títí di òní, bí obìnrin náà bá ń pọnmi, ẹ̀rín ló máa ń rín sínú garawa.

Opó ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, gàrí rẹ̀ sì dára. Kò burú sí èèyàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe é ni pé bí ọ̀nà méjì bá wà tí òun fi lè rí nǹkan gbà, ọ̀kan tó tọ́ àti ọ̀kan tó wọ́, èyí tó wọ́ ló máa ń wù ú.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń ṣe lójoojúmọ́ tí kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Moutiatou, ń gbé ní Ìta-Ọ̀pẹ, ìrìn ogún ìṣẹ́jú síbẹ̀ lójú ọ̀nà oko. Ọkọ Moutiatou ti kú, inú ilé ni wọ́n sin ín sí, obìnrin náà sì ti búra pé òun ò ní fi sàréè ọkọ òun sílẹ̀ lọ gbé ilé ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó ṣubú létí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, kò sì jáde mọ́. Láti ìgbà náà, Àyìsátù ló ń gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà lọ fún un láràárọ̀, òjò ni o, ọyẹ́ ni o. Á máa kùn lọ, á máa kùn bọ̀. "Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá, ó ní ata rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí kò lè rìn, ẹnu rẹ̀ kò lè sinmi?" Ṣùgbọ́n kò pa ọjọ́ kan jẹ rí.

Ìgbà náà ni títì dé. Lórí rédíò, ọ̀nà márosẹ̀ ni wọ́n pè é. Otorútù ni àwọn ará oko ń pè é. Láti ìhà òkun ni yóò ti wá, yóò gba orí ilẹ̀ Kétu kọjá sí òkè. Àwọn awọnlẹ̀ kọ́kọ́ wá, wọ́n ri èèkàn tó ní ọ̀dà pupa lórí mọ́ ilẹ̀, ìlà méjì tó jìnnà síra bí fífẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù. Láàárín Ìdí-Ayùnrẹ́ àti Ìta-Ọ̀pẹ gan-an ni èèkàn náà gbà kọjá.

Wọ́n pe ìpàdé ní Idigny. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Géraud, tó gbọ́ Fọ̀n àti Faransé ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ Yorùbá, na bébà gígùn kan mọ́ ara ògiri. Fabiola, ọ̀dọ́mọbìnrin ará Pobè tó kàwé tíṣà tí wọn ò tíì rí iléèwé fún, ló ń túmọ̀ fún un. Ó ní ọkọ̀ yóò máa sáré gan-an lórí títì náà. Yóò dúró ní péáàjì, yóò sanwó, yóò sì tún máa sáré lọ. Nítorí náà, wáyà gíga ni wọn yóò fi há a mọ́ ní apá méjèèjì, kí ewúrẹ́ tàbí èèyàn má baà já sí iwájú ọkọ̀.

Àyìsátù dìde lẹ́yìn. "Madàmú, èmi tí mo fẹ́ kọjá sí òdìkejì ńkọ́?"

"Ẹ ó lọ gba orí afárá, Màmá."

"Níbo ni afárá wà?"

Fabiola bi Géraud, Géraud fi ìka tọ́ bébà. Kìlómítà méje ni. Méje lọ, méje bọ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná lórí. Àyìsátù jókòó. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù gidi, irú èyí tí kì í sábà bà á. Ta ni yóò fún Moutiatou lóúnjẹ?

Ṣùgbọ́n Fabiola kò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ní wọn yóò ṣe ihò sí abẹ́ títì fún àwọn ọ̀nà oko kan, ihò tí èèyàn, kẹ̀kẹ́ àti màlúù lè gbà kọjá láìsan kọ́bọ̀. Ọ̀nà oko mẹ́sàn-án ló wà ní àdúgbò náà, ihò mẹ́rin péré ni wọ́n sì lè ṣe. Àwọn tí èèyàn ń rìn jù ni yóò gbà á. Òun fúnra òun ni yóò wá jókòó sójú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan, láti aago méje sí aago márùn-ún, pẹ̀lú ìwé kàyé, tí yóò máa ka ẹni tó bá kọjá.

Bí Àyìsátù ṣe gbọ́ "ka ẹni tó bá kọjá," ojú rẹ̀ là. Gbogbo ará Ìdí-Ayùnrẹ́ tó wà níbẹ̀ bojú wò ó, wọ́n sì mọ̀ pé garawa òfìfo tún ti dé.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn tó ń rin ọ̀nà náà kò ju ogún lọ lóòjọ́. Nítorí náà, àwọn ogún yẹn gbọ́dọ̀ di ọ̀pọ̀. Àyìsátù to ètò rẹ̀ dáadáa. Abẹ́ igi igbá tó wà létí èèkàn ni Fabiola yóò jókòó sí. Èèyàn yóò ti Ìdí-Ayùnrẹ́ wá, yóò kọjá níwájú rẹ̀, yóò la àárín èèkàn já, yóò sì wọ inú oko ẹ̀gẹ́ Èṣùgbàyí ní òdìkejì. Ibẹ̀ ni Àyìsátù yóò wà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ẹni tó wé gèlè pupa yóò gba àwọ̀ ewé, ẹni tó ru igi yóò gba àpò àgbàdo. Lẹ́yìn náà, yóò yí gba ẹ̀yìn igbó tíìkì padà sílé, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀.

Raphaël tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katikísìmù ní ẹ̀rí ọkàn òun kò gbà á, irọ́ ni. Àyìsátù bi í bóyá ó ń lọ sí oko rẹ̀ ní òdìkejì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Tóò, Baba Katikísì, ẹ gbé ọkọ́ yín lọ, ẹ gbàgbé àdá. Ẹ padà wá mú àdá, ẹ gbàgbé omi. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ìgbàgbé ni." Raphaël rò ó títí, ó ní bó bá jẹ́ ìgbàgbé, kò burú.

Èṣùgbàyí ló ṣòro. Kò sí ẹni tó ga tó o láti Idigny dé Odomèta, fìlà kankan kò sì lè bo gíga mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kó máa tẹ̀ díẹ̀.

Ọjọ́ náà pé. Fabiola dé ní àárọ̀ kùtù lórí kẹ̀kẹ́, ó gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi igbá, ó ṣí kàyé. Àyìsátù ti bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ gbogbo nǹkan tí èèyàn lè sọ. Má yára jù. Má rẹ́rìn-ín. Má wẹ̀yìn. Ohun kan ṣoṣo ni kò rántí bá wọn sọ, nítorí pé kò sí ẹni tó ń rántí bó ṣe ń mí. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ ìkíni.

Falilatou, àgbàlagbà kan tó ń ta ọṣẹ, ló kọ́kọ́ kọjá. Ó ru igi, ó wé gèlè pupa.

"Ẹ káàárọ̀ o, madàmú. Ṣé ẹ jí ire?"

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. A jí ire. Orí ló kàn ń fọ́ mi díẹ̀."

"Háà, pẹ̀lẹ́ o! Oòrùn ni. Yóò fi ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi."

Ó kọjá. Èṣùgbàyí kọjá, Raphaël gbé ọkọ́ kọjá, àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Kò pé ìdajì wákàtí tí Falilatou tún yọ. Gèlè rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, àpò àgbàdo ló wà lórí rẹ̀, ó sì tẹ orí mọ́lẹ̀ bí Àyìsátù ṣe kọ́ ọ. Ó ti fẹ́ẹ̀ kọjá tán. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn yóò ṣe kọjá lára ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, kó má béèrè?

"Ẹ kú ìjókòó o, madàmú. Orí yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti fúyẹ́?"

Fabiola gbójú sókè, ó wò ó. "Ó ti fúyẹ́ díẹ̀, Màmá. Mèsí." Ó kọ nǹkan sínú kàyé.

Èṣùgbàyí náà dé, ó tẹ̀ bí ẹni tí ìdí ń dùn. "A tún dé o!" Bẹ́ẹ̀ ló wí, tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ìyàwó Raphaël ní, "Ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀ tí a ti rí ara wa?" Nígbà tí Falilatou yóò fi kọjá lẹ́ẹ̀kẹrin, nínú bùbá tí kì í ṣe tirẹ̀, ewé tó gún pọ̀ mọ́ omi ló gbé dání nínú ife, ó ní kí Fabiola fi pa iwájú orí.

"Màmá," ni Fabiola wí, "ìgbà kẹrin yín rèé."

"Èmi kẹ̀? Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá ni. Ó lè jẹ́ àbúrò mi lẹ rí."

"Àbúrò yín náà ló mọ̀ pé orí ń fọ́ mi?"

Falilatou ronú. "A máa ń sọ nǹkan fún ara wa," ló fi dáhùn, ó sì yára wọ inú ẹ̀gẹ́ lọ.

Fabiola kò bínú. Ó fi ewé náà pa orí, orí náà sì fúyẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣí ojú ìwé tuntun nínú kàyé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ àwọn tó ń kí i, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Inú ẹ̀gẹ́ ni Àyìsátù wà, kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Iṣẹ́ ń gbà á lára: ó ń tú gèlè, ó ń wé gèlè, ó ń lé Raphaël pé kó yára gbàgbé nǹkan mìíràn. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Oòrùn ti dé àárín orí kó tó gbóòórùn oúnjẹ láti oko ẹnì kan, àyà rẹ̀ sì já. Ẹ̀kọ Moutiatou wà nílé, ó bò ó sílẹ̀ láti ìdájí. Kò gbé e lọ. Fún ọdún mẹ́fà kò pa ọjọ́ kan jẹ, ọjọ́ tó ń du ọ̀nà Moutiatou gan-an ló gbàgbé Moutiatou.

Ó ti dìde tó fẹ́ sáré, ló bá rí ẹnì kan tó ń ti ọ̀nà Ìta-Ọ̀pẹ bọ̀. Arúgbó obìnrin ni. Ó gbé ọ̀pá lé èjìká bí ẹni tó gbé ọkọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn ganranganran, ó sì ń yára. Àyìsátù rò pé ojú ń tan òun. Arúgbó náà dé ibi tí ọ̀nà ti yà, ó rí àga, ó rí kàyé, ó rí mọ́tò Géraud tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá yẹ iṣẹ́ wò. Ó dúró. Ó sọ ọ̀pá kalẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn, ó wọ́ ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tiro.

Moutiatou ni.

Àyìsátù di apẹ̀rẹ̀ aṣọ mú. Orí rẹ̀ gbóná. Ọdún mẹ́fà! Òjò ọdún mẹ́fà, ọyẹ́ ọdún mẹ́fà, ata pọ̀, iyọ̀ kò tó! Ó fẹ́ jáde lọ já ọ̀pá náà gbà kó sọ ọ́ sígbó. Ṣùgbọ́n Géraud ti rí arúgbó náà, ó sì ti dúró ń wò ó. Láti èèkàn kan dé èkejì, arúgbó náà tiro. Ó sinmi. Ó tún tiro. Gbogbo àwọn tó ń pàrọ̀ aṣọ dúró. Géraud wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàsán o, ọmọ mi," ni Moutiatou wí nígbà tó dé abẹ́ igi.

"Ẹ káàsán, Màmá. Níbo lẹ ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí?"

"Àbúrò mi ni mò ń wá. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi lójoojúmọ́. Kò wá lónìí. Kì í pa á jẹ. Mo ní bóyá ó ti kú." Bó ṣe sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Títiro náà ni irọ́. Ohùn yẹn kì í ṣe irọ́, Àyìsátù sì mọ̀ ọ́n láti inú ẹ̀gẹ́. Ìbínú àti àánú mú un lẹ́ẹ̀kan náà.

Fabiola túmọ̀ rẹ̀ fún Géraud. Lẹ́yìn náà ló ṣí kàyé, ó fi ojú ìwé méjèèjì hàn án: ọgọ́fà èèyàn ló kọjá, ṣùgbọ́n orúkọ méjìdínlógún péré ni. Raphaël tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò lè gbé e mọ́ jáde láti inú ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú ọkọ́, àdá àti kẹ́ẹ̀gì omi, ó ní òun fẹ́ jẹ́wọ́. Ó jẹ́wọ́ títí, Fabiola ń túmọ̀. Gbogbo wọn ń retí ìbínú ẹnjiníà.

Ẹ̀rín ló bú sí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mọ́tò mú. Ó sọ̀rọ̀, Fabiola sì túmọ̀: "Ó ní àwọn èèyàn tó lè yí oko po nígbà méje nínú oòrùn nítorí ihò, wọn yóò gé wáyà òun kí ọ̀dà rẹ̀ tó gbẹ. Ó sì ní Màmá yìí, kò sí wáyà tó lè dá a dúró nílé bí kò bá rí àbúrò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, bó ṣe ń rìn yìí, mọ́tò mẹ́wàá ni yóò kọjá kó tó dé àárín títì. Òun ò fẹ́ òkú lórí títì òun. Òun yóò kọ ọ́ pé kí wọ́n ṣe ihò síbí."

Ni Àyìsátù bá jáde. Moutiatou rí i, ó rí i pé kò kú, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Àyìsátù náà wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ẹnì kejì ṣe, kò sì sí èyí tó lè tú àṣírí èkejì. Géraud ní òun yóò fi mọ́tò gbé Màmá padà sílé. Iwájú ni Moutiatou jókòó sí, ó ń juwọ́ sí àwọn èèyàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àyìsátù gbé ẹ̀kọ kalẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì kí i.

"Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín lónìí?"

Moutiatou wo ẹ̀kọ. "Ó dùn mí lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Oṣù mẹ́ta! Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé abọ́! Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ó ti san?"

"Kí n tó ṣubú, ẹ̀ẹ̀melòó lo máa ń wá síbí lọ́dún?"

Àyìsátù ya ẹnu láti dáhùn. Iléyá ló rántí. Ó wá òmíràn, kò rí i. Ojú tì í.

"Bí mo bá ní ẹsẹ̀ mi ti san," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, "ṣé o ó máa wá?"

Àyìsátù dìde, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ẹ̀rín búburú sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará títì yóò máa lọ, wọn yóò máa bọ̀. Bí wọ́n bá rí yín tí ẹ ń sáré, wọn yóò gba ihò wọn padà. Ó di dandan kí ẹ máa tiro títí wọn yóò fi parí."

Ọdún méjì àti ààbọ̀ ni wọ́n fi parí rẹ̀. Katapílà dé, wọ́n hú igi igbá, wọ́n da yangí, wọ́n da kọnkéré. Moutiatou ń tiro. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kí i, wọ́n ń fún un ní búrẹ́dì àti sàdíìnì. Bó bá kù díẹ̀ kó gbàgbé, Àyìsátù yóò kígbe láti ọ̀ọ́kán, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra o, ẹsẹ̀ yín!" yóò sì rẹ́rìn-ín délé. Ó ń gbádùn ìgbẹ̀san náà. Ó sì ń gbé ẹ̀kọ lọ láràárọ̀.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò kọ́kọ́ kọjá lórí títì, gbogbo abúlé lọ wò ó látẹ̀yìn wáyà. Lọ́jọ́ kejì, kò sí ará títì kankan mọ́ níbẹ̀. Àyìsátù jí, ó ro ẹ̀kọ, ó bò ó. Kò gbé e. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níbi tó ti lè rí ẹnu ihò náà dáadáa.

Oòrùn gòkè. Mọ́tò ń sáré lókè, wọ́n ti sanwó wọn. Ihò kò gbowó, kò sì sí ẹni tó gbà á kọjá. Àyìsátù ń sọ fún ara rẹ̀ pé eré lásán ni òun ń ṣe. Irọ́ ni. Bí Moutiatou kò bá wá ńkọ́?

Nígbà tó yá, ẹnì kan yọ láti inú ihò náà. Ó gbé ọ̀pá lé èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rìn ganranganran, abọ́ tó fi aṣọ bò sì wà lórí rẹ̀.

"O ò wá," ni Moutiatou wí nígbà tó dé.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin náà á wá ni."

Moutiatou súnmọ́ ọn. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó ṣí i. Ẹ̀wà ni, tó sè fúnra rẹ̀, àkọ́kọ́ tó sè fún ẹlòmíràn láti ìgbà tó ti ṣubú létí kànga. Kò ní iyọ̀ tó, ata rẹ̀ sì pọ̀ jù. Àyìsátù jẹ ẹ́ tán.